Màmá Bírò Pupa àti Bàálù Elérò Mọ́kàndínlógún

Àwọn oníbàálù ń pè mí ní Màmá Bírò Pupa. Wọn kì í pè é lójú mi o, ṣùgbọ́n etí mi kò di. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti fi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó òwò bàálù. Kì í ṣe àwa la máa ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò. Àwọn tó ń ṣe ìyẹn wà ní ilé kejì, lódìkejì àgbàlá, a kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kí ara wa. Tiwa ni ká mọ ẹni tó gbàṣẹ láti fò lọ síbì kan, iye ìgbà tó ń lọ lọ́sẹ̀, bóyá ó ń já èrò jù sílẹ̀, àti bóyá ó ń parọ́ fún ìjọba. Apá ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá parọ́ sínú fọ́ọ̀mù, mo máa ń gbóòórùn rẹ̀ kí n tó ya àpò ìwé náà.

Fọ́ọ̀mù yẹn, èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kó má dà bí ẹni pé mo fi pamọ́. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń fi wá ṣeré. Bí wọ́n bá ti mọ ọjọ́ tí a fẹ́ ka èrò, wọ́n á kó àwọn òṣìṣẹ́ wọn, ìyàwó òṣìṣẹ́, àti àbúrò ìyàwó òṣìṣẹ́ sínú bàálù, wọ́n á ní ó kún dẹ́nu. Ni mo bá pa ìbéèrè tó ní "Èrò mélòó lẹ gbé?" rẹ́, mo fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Òun ni Ìbéèrè Keje: "Èrò mélòó ló ti gba àga sílẹ̀, ó kéré tán ní ọjọ́ méje ṣáájú ìrìn-àjò?" Ẹni tó bá fẹ́ parọ́ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ irọ́ náà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òpùrọ́ kì í sì í ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú gbogbo ọ́fíìsì. Ilẹ̀ kò gbà mí lọ́jọ́ náà.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, fọ́ọ̀mù Baba Àṣá dé orí tábìlì mi. Baba Àṣá ni inagijẹ awakọ̀ bàálù àgbàlagbà kan tó ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Bàálù kan ṣoṣo ló ní, elérò mọ́kàndínlógún, ọ̀nà kan ṣoṣo náà ló sì gbàṣẹ fún: láti ìlú ńlá tiwa lọ sí ìlú kékeré kan lẹ́yìn òkè, lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Bí èèyàn bá gba orí ilẹ̀ lọ síbẹ̀, ọjọ́ méjì gbáko ni, ọ̀nà náà kò sì dára lójú.

Mo ṣí i sí Ìbéèrè Keje. Òdo. Mo wo ti oṣù tó ṣáájú. Òdo. Ẹnì kan. Òdo. Òdo. Odindi ọdún kan!

"Ṣé ẹ rí bàbá yìí?" mo ké sí akọ̀wé wa. "Ó ń gbé bàálù òfìfo fò kọjá òkè lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀! Ṣé ó ń fi najú ni?"

Ìlànà wa kò ní kọ́rọ́. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ la fi ń jin ilé-iṣẹ́ tuntun; lẹ́yìn ìyẹn, bí ìdáhùn Ìbéèrè Keje kò bá tó márùn-ún lóṣù jálẹ̀ ọdún kan, a ó gba ìwé àṣẹ, a ó sì fi àkókò ìgbéra àárọ̀ tí onítọ̀hún ń lò ní pápákọ̀ fún ẹlòmíì. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan sì ti kọ̀wé béèrè àkókò yẹn. Bí ìwé àṣẹ bá ti kúrò lọ́wọ́ Baba Àṣá, bàálù kan ṣoṣo yẹn kò níbi tó ń lọ mọ́, ìlú ẹ̀yìn òkè náà a sì padà sí ọ̀nà ọlọ́jọ́ méjì. Èmi kò rí ìyẹn rò nígbà náà. Òdo ni mò ń wò.

Àmọ́ òfin ní a kò gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà bàálù lọ́wọ́ ìlú kan láìjẹ́ pé a lọ ṣèpàdé gbangba nínú ìlú náà gan-an. Nítorí náà mo gba àga sílẹ̀ nínú bàálù Baba Àṣá, àlọ àti àbọ̀, ní ọjọ́ mọ́kànlélógún ṣáájú, mo lu òǹtẹ̀ sí i, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì.

"Ìwọ nìkan lo máa wà nínú bàálù yẹn," ni bàbá àwọn ọmọ mi wí nígbà tó ń bá mi di báàgì. "Jọ̀ọ́, má bá awakọ̀ jà o. Kò sẹ́lòmíì tó máa wà á."

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo dé pápákọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ibi tí wọ́n ti ń wọ bàálù Baba Àṣá wà ní ìpẹ̀kun, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ ẹrù sí. Kò sí àga aláràbarà níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì onípákó gígùn kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bẹ́ǹṣì náà sì kún láti orí dé ìdí. Mo ka àwọn tó wà lórí rẹ̀. Méjìdínlógún. Tí ẹ bá fi èmi kún un, ó pé mọ́kàndínlógún gẹ́lẹ́.

Inú bí mi débi pé etí mi gbóná. Mo mọ eré yìí! Ó ti rí orúkọ mi nínú ìwé, ó sì ti kó gbogbo ẹbí rẹ̀ jáde láti wá fi dí mi lójú.

Bàbá kan tó ga, tó tínrín, ló jáde wá, Baba Àṣá fúnra rẹ̀ ni, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹrù àwọn èèyàn sórí òṣùwọ̀n. Ó ṣí fìlà nígbà tó rí mi.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá," ó wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Láti bí oṣù mẹ́ta, tíkẹ́ẹ̀tì yín ni àkọ́kọ́ tí wọ́n rà sílẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé bí a ṣe ń kọ ọ́."

"Ẹ ṣé, sà," mo dáhùn, n kò rẹ́rìn-ín. "A máa sọ̀rọ̀ lọ́la."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí ní ọ́fíìsì yín ní gbogbo ìgbà tí mo pè," ó ní. "Wọ́n ní ọjọ́ ìpàdé ni kí n sọ̀rọ̀." Ó sì ní kí n gun òṣùwọ̀n. Ó kọ ìwọ̀n mi sínú ìwé aláwọ̀ dúdú kan, ó ṣe é jẹ́jẹ́, kò kà á sókè. Mo dúpẹ́ ìyẹn nínú ọkàn mi.

A gbéra. Bíríkìlà kan ló jókòó tì mí, ó fi aṣọ funfun di ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fa bírò pupa yọ.

"Ọjọ́ wo lẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì yín?"

"Àárọ̀ yìí, mà."

"Ó dáa. Èyí tí ẹ fi ti ìlú yín wá sí ìlú ńlá ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ kò rà á ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú?"

Ó wò mí títí, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara mi yá. "Màmá," ó sọ ọ́ láti igun ẹnu tí kò dùn ún, "eyín ọ̀hún ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí nígbà yẹn."

Àwọn tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí wọn. Obìnrin kan tó gbé páálí ìwé lé itan sọ pé òun ni olùkọ́ àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ìlú náà. "Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ránṣẹ́ pé kí n wá gbé ìwé ìdánwò lọ́jọ́ Ajé," ó ní. "Ṣé kí n ti lálàá rẹ̀ ni?" Ọkùnrin kan tó gbé irin ẹ̀rọ omi mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́ ní, "Ẹ̀rọ omi wa dákú lọ́jọ́ Sátidé, mà. Kò kọ̀wé ránṣẹ́ kó tó dákú."

Ẹ̀rín tún ta. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé: "Wọ́n ti kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ." Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbójú sókè, òkè náà wà lábẹ́ wa, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bà á lórí, odò kan sì ń dán láàárín rẹ̀. Kí n má parọ́, inú mi dùn. Mo bínú sí inú mi pé ó dùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, a ṣèpàdé nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó tóbi jù ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ àgbà. Èrò kún inú rẹ̀, àwọn tí kò ráàyè wọlé dúró lójú fèrèsé. Èmi ni alága. Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ ńlá tó fẹ́ gba àkókò àárọ̀ náà wà níwájú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí. Kò rí àga nínú bàálù ọjọ́ Ajé, orí ilẹ̀ ló gbà wá. Eruku wà nínú ìpéǹpéjú rẹ̀, bàtà rẹ̀ kan ti là lẹ́nu, bó bá sì fẹ́ jókòó, díẹ̀díẹ̀ ló ń jókòó.

Mo ka ìdáhùn oṣù méjèèjìlá sókè, oṣù kan tẹ̀ lé òmíràn. Lẹ́yìn náà ni mo kọjú sí Baba Àṣá.

"Fún odindi ọdún kan, sà, ẹnì kan ṣoṣo lẹ gbé. Ṣùgbọ́n lánàá tí ìjọba fẹ́ wá wò, bàálù kún. Kí ni ká ti pè é?"

Baba Àṣá dìde. "Màmá, òdo yẹn, òótọ́ ni. Ẹ bi mí pé èèyàn mélòó ló gba àga sílẹ̀ ní ọjọ́ méje ṣáájú. Kò sí. Níbí, ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó máa ṣe òun ní ọjọ́ méje sí i."

"Ẹ kò ṣe wá ṣàlàyé nígbà náà?"

"Mo ṣàlàyé, Màmá. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣàlàyé, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn."

Ó fa ìwé kan yọ láti inú fáìlì rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Fọ́ọ̀mù àtijọ́ ni, ìwé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin sì wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n fi píìnì há mọ́ ọn. Wọ́n ti fi bírò pupa kọ gbàgàdà gba iwájú rẹ̀ kọjá: "OHUN TÍ A KÒ BI YÍN, Ẹ MÁ DÁHÙN. A KÌ Í GBA ÌWÉ ÀLẸ̀MỌ́."

Kò sí ìdí láti béèrè ẹni tó kọ ọ́. Bí mo ṣe ń tẹ ìrù lẹ́tà mi nìyẹn láti kékeré. Píìnì náà ti dípẹtà sára ìwé. Ẹnikẹ́ni kò tíì tú u rí.

Mo tú u. Mo kà á sókè, torí pé ìpàdé gbangba ni, ìlànà sì ni pé ohunkóhun tí alága bá kà, kó kà á sí etí gbogbo èèyàn. Èmi náà ni mo kọ ìlànà yẹn.

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì," ni ohun tó wà nínú rẹ̀, "àwọn èrò tèmi kì í gba àga sílẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń wá jókòó sí. Oníkálùkù á sọ ìdí tó fi fẹ́ rìn, bẹ́ǹṣì fúnra rẹ̀ á sì pinnu ẹni tó máa ṣíwájú. Bàálù mi ń kún ní gbogbo ìgbà, ẹni méjì tàbí mẹ́ta sì máa ń kù nílẹ̀. Mo wo fọ́ọ̀mù yín síwá sẹ́yìn, n kò rí ibi tí mo lè kọ èyí sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibẹ̀ hàn mí."

Ẹ wò ó, ojú gbà mí tì. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, èmi nìkan ni mo rí níbẹ̀. Bàbá àgbàlagbà bẹ̀ mí pé kí n fi ibì kan han òun, mo fi bírò pupa pa á lẹ́nu mọ́, ó sì pa ẹnu mọ́ fún ọdún mẹ́rin.

Agbẹjọ́rò náà rọra dìde. "Màmá Alága, ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù ni òfin mọ̀. Òdo ló sì wà níbẹ̀. Lẹ́tà kò ṣe é fi jẹ́rìí, ẹni tó bá wù ú lè kọ lẹ́tà."

Ó sọ òótọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀ fún un. Èmi kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo kọjú sí Baba Àṣá. "Sà, ṣé ẹ ní ohunkóhun tó ní òǹtẹ̀ ìjọba, tó fi iye èèyàn tí ẹ gbé hàn?"

Ó yọ fìlà, ó họ orí. "Àfi ìwé ìwọ̀n, Màmá."

"Ìwé ìwọ̀n wo?"

"Bàálù kékeré ni. Mo gbọ́dọ̀ wọn gbogbo èèyàn kí n tó gbéra, ìwọ̀n oníkálùkù nìyẹn. Lóṣooṣù ni àwọn ilé kejì yín ń lu òǹtẹ̀ sí i."

Ilé kejì! Ìwé tí mo nílò wà lódìkejì àgbàlá, níbi tí mo lè fi sálúbàtà rìn dé, láti ọdún mẹ́rin, a ò sì ń kí ara wa. Mo gba ìwé aláwọ̀ dúdú náà, mo ṣí i. Òǹtẹ̀ ìjọba wà ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: mọ́kàndínlógún, mọ́kàndínlógún, méjìdínlógún…

"Ọjọ́ yẹn ni mo gbé pákó lọ!" bíríkìlà ké láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Mo ṣí ojú ewé mìíràn. "Olùkọ́ àgbà ilé-ẹ̀kọ́, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́…"

"Màmá!" olùkọ́ àgbà dìde fùú. "Mo fi ọmọ yín bẹ̀ yín, ẹ má kà á! Iwájú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi nibí!"

Yàrá náà dà rú. Àwọn ojú fèrèsé ń rẹ́rìn-ín, agbẹjọ́rò pàápàá ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń di ìhà mú torí ó ń dùn ún. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n dákẹ́, mo dìde dúró. "Agbẹjọ́rò ní ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù ni òfin mọ̀. Fọ́ọ̀mù yẹn, èmi ni mo bí i. Ọmọ mi ni, ó sì ti tàn mí jẹ. Ìbéèrè Keje kò béèrè ohun tó yẹ kó béèrè, àṣìṣe tèmi ni, kì í ṣe ti Baba Àṣá. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú. Ìwé àṣẹ yín kò lọ síbì kankan. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ máa fò."

Ariwo ayọ̀ tó sọ, mo rò pé páànù orùlé fẹ́ ṣí. Ẹnì kan gbé mi lọ́wọ́ sókè, n kò mọ ẹni náà títí di òní. Baba Àṣá kò pariwo. Ó jókòó, ó fi fìlà bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ilé-iṣẹ́ ńlá náà rí àkókò ọ̀sán gbà lẹ́yìn náà, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé báàgì mi dé pápá bàálù ìlú náà. Bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀ náà, ó jọ tìlú ńlá gẹ́lẹ́. Agbẹjọ́rò ti jókòó sí ìdí rẹ̀ pátápátá.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ọkùnrin ẹlẹ́rọ omi bi í, torí òun ló jókòó síwájú bẹ́ǹṣì, ó tún ń lọ wá irin mìíràn. "Kí ni ìdí tiyín?"

Agbẹjọ́rò nawọ́ sí òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. "Ọ̀nà yẹn," ó ní.

Gbogbo bẹ́ǹṣì sún. Wọ́n gbé e sí àárín.

"Màmá, ìdí tiyín?"

"Èmi ní tíkẹ́ẹ̀tì," mo wí, mo nà án sókè. "Láti ọjọ́ mẹ́tàlélógún sẹ́yìn."

"A ti gbọ́," ẹlẹ́rọ omi dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìdí la bi yín."

Mo ronú. "Mo kàn fẹ́ lọ sílé ni."

Wọ́n mirí. Ìdí náà kò burú, ṣùgbọ́n kò wúwo. Síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì ni tíkẹ́ẹ̀tì, àga mi wà níbẹ̀. Baba Àṣá ti ń pè wá lọ sórí òṣùwọ̀n nígbà tí màmá àgbà kan sáré dé, ó wọ bàtà kan, ó mú èkejì lọ́wọ́.

"Ọmọ mi ti bí!" ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Lánàá! Oṣù kan ṣáájú ọjọ́ tí dókítà dá! Àkọ́bí rẹ̀ ni, kò sẹ́nì kankan lọ́dọ̀ rẹ̀!"

Bẹ́ǹṣì wo ara wọn. Gbogbo wọn ti pé, oníkálùkù wọn ló ní ìdí. Ẹnikẹ́ni kò wo ọ̀dọ̀ mi, ìyẹn ló sì wọ̀ mí lọ́kàn. Ìlànà kejìlá nínú ìwé wa, tí èmi náà kọ, ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba àga lọ́wọ́ ẹni tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, àfi kó fi ẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda.

"Baba Àṣá," mo wí, "ẹ wọn màmá. Mo yọ̀ǹda."

Màmá àgbà náà gbá mi mọ́ra tòun ti bàtà lọ́wọ́. Bàálù gbéra, ó tẹ̀ sápá kan lókè orí wa, ó lọ. Mo dúró lórí ilẹ̀, mo ń juwọ́ sí wọn bí ọmọdé, inú mi sì dùn gan-an. Olùkọ́ àgbà ló gbà mí sílé títí di ọjọ́ Ajé. Nígbà tí mo pe bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀rín pa á. "Ìwọ tí wọn kì í fi sílẹ̀ níbì kankan," ó ní, "wọ́n ti já ẹ jù sílẹ̀ lónìí!"

Mo tún fọ́ọ̀mù náà kọ. Mo fi ìwé ìwọ̀n ilé kejì kún ẹ̀rí tí a ń gbà, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi gbé e sọdá àgbàlá láti lọ bá wọn sọ ọ́. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n ní àwọn ti ń retí kí ẹnì kan wá láti ọjọ́ yìí. Ìbéèrè Keje ti di: "Èèyàn mélòó ló wọ bàálù? Mélòó ló kù nílẹ̀, kí sì ni ìdí wọn?"

Fọ́ọ̀mù Baba Àṣá ni ó kọ́kọ́ wọlé. Mo ṣí i, mo gbé bírò pupa. Lábẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Àwọn tó wọ bàálù: mọ́kàndínlógún. Àwọn tó kù nílẹ̀: ẹnì kan, Màmá Bírò Pupa. Ìdí: ó kàn fẹ́ lọ sílé ni."

Ó fi píìnì há nǹkan kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Fọ́tò màmá àgbà ni, ó gbé ọmọ tuntun kan tí kò ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, màmá náà sì wọ bàtà méjèèjì. Mi ò yọ píìnì náà. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sábẹ́ ìdáhùn Baba Àṣá pé: "Òótọ́ ni," mo sì lu òǹtẹ̀ sí i.